Nítorí Pé Ìyá Ìbejì Ló Kọ́kọ́ Lò Ó

Mo fi ọdún mẹ́rin ju Ìyá Ìbejì lọ, ṣùgbọ́n òun ni ìyáálé mi. Àbúrò ọkọ mi ló fẹ́ ẹ, ó sì ti wà nínú agbo ilé wa ní Kúdẹtì kí wọ́n tó gbé èmi wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè mí ní ìyàwó, tí èmi sì ń kúnlẹ̀ kí i. Bí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, ó ní láti mú tirẹ̀ kí ó tó kàn mí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń rí irú ẹran tó mú.

Nígbà tí wọ́n ṣí kíláàsì kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún àwa obìnrin ní Bẹẹrẹ, mo tètè lọ forúkọ sílẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ibì kan tí ìyáálé mi kò ní sí. Ní Sátidé kejì, mo gbójú sókè, Ìyá Ìbejì ló ń wọlé bọ̀.

“Ìyàwó, sún díẹ̀ fún mi.”

Mo sún.

Páítìn ni wọ́n ń kọ́ wa, èdè tí ènìyàn fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohun báyìí ni kí ó ṣe. Olùkọ́ wa, ọmọbìnrin kan tí kò tó àkọ́bí mi, ṣàlàyé pé àwọn tó dá èdè náà sílẹ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sínú rẹ̀ dè wá.

“Ẹ̀yin ìyá mi, tí ẹ bá fẹ́ to nǹkan tẹ̀léra, ẹ kọ sort. Tí ẹ bá fẹ́ ka iye ìgbà tí nǹkan kan wà níbẹ̀, ẹ kọ count. Ata lílọ̀ ti wà nílẹ̀, kí lẹ tún ń wá ọlọ sí?”

Lójú ẹsẹ̀ ni Ìyá Ìbejì kọ sort. “Áà! Ó mà ti tò ó!” Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò fọwọ́ kan sort. Tèmi ni mo ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀: mú ti àkọ́kọ́, fi wé ìkejì, bí ìkejì bá kéré, pààrọ̀ àyè wọn, kí o tún padà sẹ́yìn. Ó máa ń gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe déédéé. Olùkọ́ bi mí pé kí ló dé. Mo ní mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Ìdí gan-an ni pé Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ lò ó.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, olùkọ́ sọ pé òun yóò mú ẹnì kan nínú wa tí yóò máa bá òun kọ́ àwọn tó ń bọ̀. Mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Iṣẹ́ tó fún wa ni pé kí a kọ àwọn ìyàwó agbo ilé wa, ọdún tí wọ́n bí wọn àti ọdún tí wọ́n wọlé, kí kọ̀ǹpútà wá tò wọ́n bí wọn yóò ṣe mú ẹran Iléyá.

Tèmi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ọdún ìwọlé ni mo fi tò wá. Ìyá Ìbejì jáde, èmi tẹ̀lé e. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ó sì dùn mí.

Ìlà kan ṣoṣo ni Ìyá Ìbejì fi to tirẹ̀. Ó ní kí ó ṣiṣẹ́, orúkọ mi sì jáde ṣáájú tirẹ̀. Ọdún ìbí ló fi tò wá. Mo rí i lójú ẹsẹ̀, mo sì pa ẹnu mọ́. Ó ti ṣì í, èmi ni mo sì wà lókè.

Obìnrin Yemẹtu tó jókòó lẹ́yìn wa ló tú u fó. “Ìyá Ìbejì, ẹ mà ti gbé ìyàwó yín gorí yín!”

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. “Yéè! Kí ẹran tó kàn mí, eegun ló máa kù!” Ó pa ọdún ìbí rẹ́, ó fi ọdún ìwọlé sí àyè rẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Òun ni olùkọ́ mú, ó ní bó ṣe fẹ̀rín tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe lójú gbogbo wa dùn mọ́ òun.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó lọ sí Ọjà'ba, èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀, bí ìyàwó ti í ṣe.

“Ìyàwó, ṣé o ti rí àṣìṣe yẹn kí obìnrin yẹn tó sọ̀rọ̀?”

“Mo rí i, mà.”

“O wá dákẹ́.”

“Mo dákẹ́, mà.”

“Ó dùn mọ́ ẹ.”

Mo pààrọ̀ ọwọ́ tí mo fi gbé báàgì náà. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti dúró, ó fọwọ́ ti èjìká mi. “Ìwọ obìnrin yìí! O kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú ẹ ń pariwo.”

Ì bá sàn fún mi kí ó bínú.

Nígbà tí a délé, mo wọ yàrá, mo ṣí Páítìn orí fóònù mi. Mo kọ orúkọ gbogbo wa. Mo kọ sort fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún ìbí ni mo sì ní kí ó fi tò wá. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí: èmi lókè, Ìyá Ìbejì nísàlẹ̀ mi. Iṣẹ́ tó dáa ni sort yẹn. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù náà, n kò sì tíì pa á rẹ́.