Rọ́bà Kámẹ́rà Délé

Ẹ wá wo ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe lónìí!

Délé ọmọ mi tó kú, iṣẹ́ fótò ló ń ṣe. Rọ́bà tó bo ara kámẹ́rà rẹ̀ ti ń ṣí. Ojú ibi tó máa ń fi àtàǹpàkò dì mú ti tẹ̀ wọnú rọ́bà náà. Àràárọ̀ ni mò ń fi àtàǹpàkò tèmi síbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Àkúrẹ́.

"Màmá, rọ́bà yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n já a dànù, kí n lẹ tuntun."

"Kí o já kí ni dànù? Já tìẹ dànù!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Rọ́bà lásán mà ni."

Mo gba nǹkan mi, ó di ilé mi ní Oǹdó. Èmi tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún, ṣé rọ́bà ni n ò ní mọ̀ ọ́n lẹ̀?

Mo ṣí i kúrò. Kẹrosínì tó wọ́n bí ojú, mo da èyí tó kù nínú àtùpà lé e lórí, kí gọ́ọ̀mù àtijọ́ lè bọ́.

Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, rọ́bà ti wú. Ojú àtàǹpàkò ọmọ mi kò sí mọ́.

Mo ti sá a sóòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, tó bá gbẹ, ṣé ojú ibẹ̀ á padà? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé olóríkunkun ni mí, kó gbẹ́nu dákẹ́.