Gáùn Ẹni Tó Ń Bọ̀

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kán epo sí máṣìnnì ìránṣọ mi, òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú, ni mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màmá mi ní Agbowó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ wá mọ́. Síbẹ̀, màmá mi tú àpò àgékù àǹkárá sílẹ̀, wọ́n ń fi rán gáùn ọmọdé, lóríṣiríṣi ìwọ̀n.

“Mọ́mì, ta ló ni ín?”

“Ẹni tó ń bọ̀ ni.”

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ onítọ̀hún. Irú ọmọ wo ló máa wọ gáùn ńlá, tó tún máa wọ kékeré? Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, máṣìnnì á dákẹ́, èmi á nàgà.

“Ṣé òun nìyẹn?”

“Rárá.” Máṣìnnì á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ní, “Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi eyín gé òwú. “Tó bá dé, a máa mọ̀ ọ́n.”

Ìgbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ló tó yé mi, ìdí tí máṣìnnì fi ń dákẹ́ ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró.