Eegun Inú Ìka Ẹsẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ Àǹtí Eegun á rò pé eré ni. Àwọn ayàwòrán á ya ènìyàn inú géèmù tán, kò ní lè mira. Òun ló ń to eegun sínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tó ń so ó mọ́ awọ, kó lè rìn, kó lè ṣubú bí ọmọ ènìyàn. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ti ń ṣe é.

Àfi bí eegun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nù. Lónìí, ti ìpéǹpéjú. Lọ́la, ti etí ajá. Ara fu ú. Ta ló tún ń ṣí fáìlì tí eegun wà, bí kò ṣe obìnrin tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ìyàwó Tuntun? Ìbéèrè ẹ̀ pọ̀, ẹ̀rín ẹ̀ tún wá pọ̀ jù ú lọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àǹtí sọ fún ọkọ rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọkọ ní kó fara balẹ̀. Àǹtí ní ìfura loògùn àgbà. Nígbà tí Ìyàwó Tuntun fi ìwé pélébé kan sórí tábìlì rẹ̀, Àǹtí ò kà á, ó jù ú sínú àpótí tábìlì.

Ló bá dẹ pàkúté. Ó fi eegun bíńtín kan sínú ìka ẹsẹ̀ ìyá arúgbó inú géèmù, kò so ó mọ́ nǹkan kan, kò sì sọ fẹ́nì kan. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, eegun ti pòórá. Inú bí i, ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ tààrà, ó ní Ìyàwó Tuntun ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́. Kó tó dọ̀sán, wọ́n ti ní kí Ìyàwó Tuntun máa lọ sílé.

Ìyàwó Tuntun ń kó ẹrù rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ìwé tí mo kọ sí yín, ṣé ẹ kà á?”

Àǹtí ṣí àpótí. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìgbálẹ̀ ló ń kó eegun yín lọ.”

Orí rẹ̀ wú. Ìgbálẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò yẹn sínú kọ̀ǹpútà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kó máa gbá eegun tí wọn ò bá tíì so mọ́ awọ dànù láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Nígbà yẹn, ọjọ́ tó bá to eegun náà ló ń so ó. Látìgbà tíṣẹ́ ti pọ̀, ọ̀la ló ń sún un sí. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ìtìjú bò ó.

Ó gba báàgì lọ́wọ́ Ìyàwó Tuntun, ó gbé e padà sórí àga. Ó ní kó dúró de òun.

Ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni kòkòrò yẹn.”