Ààlà Igbó Ìyá Ìyá Mi

Ẹsẹ̀ ẹni kẹta ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn mi. Ìyá ìyá mi ń lọ níwájú, èmi ń tẹ̀ lé e, àwa méjì péré la sì jáde nílé láàárọ̀ yẹn ní Èjìnrìn. Bí a bá dúró, ewé gbígbẹ á tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, orí mi sì ń wú.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ìyá àgbà máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rin ààlà igbó wa yí ká, láìsọ̀rọ̀, láìwẹ̀yìn, á máa fọwọ́ kan pèrègún tí àwọn baba wa gbìn sí i. Inú igbó yẹn ni omi tí à ń mu ti ń sun. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ́síteètì síbẹ̀ sọ pé ilẹ̀ wa kò dé ibi omi, wọ́n sì ti fi katapílà hú pèrègún apá ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá àgbà máa fi ààlà han àwọn ìjòyè, bẹ́ẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́.

Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n hú, ó nawọ́, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá a kiri. Mi ò rí i kí ẹ̀rù bà á rí. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ yẹn kọjá lára mi. Ewé là lápá òsì, òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà gba ibẹ̀ kan, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà tẹ̀ lé ìró náà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wa ilẹ̀. Gbòǹgbò pèrègún wà níbẹ̀, ó ṣì tutù.

Ojú ọ̀nà ilé ló tó sọ̀rọ̀. "Ṣé o gbọ́ wọn?"

Mo ní, "Mo gbọ́, mà. Ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó rìn ín kí n tó rìn ín ni. Ìwọ ṣáà mọ ọ̀nà náà. Bí mo bá lọ tán, ìwọ ló kù."

Lọ́jọ́ kejì ó mú àwọn ìjòyè dé ìdí gbòǹgbò náà tààrà, àwọn ẹlẹ́síteètì sì dá katapílà wọn padà.

Ó ti pẹ́ tí ìyá àgbà ti lọ. Ìtamága ni mò ń gbé báyìí, ọdọọdún ni mo sì ń lọ rìn ín. Lọ́dún yìí mo bẹ àwọn ọmọ mi kí wọ́n bá mi lọ. Ọ̀kan ní ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, èkejì ní kí n ya ààlà náà sórí fóònù kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wọ inú igbó náà. Kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn mi tó ń wo ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé.