Ọmọ Tí Mo Kà ní Koumassi

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ò tíì kúrò ní imú mi. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni, mo ka ìwé Faransé díẹ̀, mo sì rò pé mo ti gbọ́n ju àwọn tó bí mi lọ. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọdé ní àdúgbò wa ní Koumassi, nílẹ̀ àjò tí wọ́n ti ń sọ Faransé, dókítà òyìnbó kan sì fẹ́ wádìí ibi tó ti ń wá. Ó gbà mí síṣẹ́ láàárín àwa Yorùbá, pé kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí n ka ọmọ, kí n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye wọn sára ilẹ̀kùn.

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo kàn kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lọ sílé ìwé ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, olórí àwọn obìnrin Ṣakí tó ń ta abọ́ lọ́jà, pè mí. Wọ́n ní kí n fi ìkànìyàn sílẹ̀, kí n mú dókítà wá bá àwọn jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kó béèrè ohun tí àwọn mọ̀. Mo ní dókítà ò ráyè ìjókòó àgbà. N ò tilẹ̀ jíṣẹ́ fún un.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti kẹ̀yìn sí mi. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Ọ̀kan tó ń fọṣọ da omi ọṣẹ sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì ń wò mí lójú. Wọ́n ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, èmi náà ń padà lọ kọ ọ́, nítorí alágídí ni mí. Nílé ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà, ó fi ìborùn bo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí n má baà rí i. Mo ṣí ìborùn náà, mo kà á, mo kọ mẹ́ta.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ náà. Mo lọ bá a kẹ́dùn. Kò sunkún lójú mi, ó kàn nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Wá pa á rẹ́, kó o kọ *deux*, kó di méjì. Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fà mí jáde. Wọ́n mú mi lọ sídìí kànga kan lẹ́yìn ọjà, tí omi ṣáláńgá ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Àwọn tí kò lágbára àtira omi ẹ̀rọ ló ń pọn ún, ilé wọn náà sì ni àìsàn ń wọ̀.

"Onílé tó ni kànga yìí ò gbọ́ tiwa," ni wọ́n wí. "Ti dókítà ni ì bá gbọ́. Ohun tá a fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ nìyẹn. Ìwọ lo dí wa lẹ́nu."

Mo sáré sọ fún dókítà. Ó yẹ omi náà wò, wọ́n sì dí kànga yẹn pa. Inú bí i, ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun látọjọ́ yìí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, mo sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn ṣì ń sọ pé kíkà tí mo kà á ló pa ọmọ náà. N kò gbà, ṣùgbọ́n n kì í bá wọn jiyàn, nítorí mo mọ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí mo jẹ́ kó kọjá. Àwọn ọmọ wọn ti ń bímọ báyìí. Bí mo bá lọ sí ìkómọ, wọn a fún mi ní àga, wọn a gbé oúnjẹ fún mi. Ọmọ náà á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì mí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a padà.