Mo Lọ Gba Koríko Wa Padà ní Libreville

Àkùkọ ò tíì kọ nígbà tí mo wọ reluwé ní Sábẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń la òkun kọjá nítorí koríko? Koríko o, kì í ṣe wúrà!

Ṣùgbọ́n koríko ọ̀hún kì í ṣe koríko lásán. Ní oko ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òùngbẹ la fi ń dán koríko wò. Èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa, kó kú. Èyí tó bá tún rúwé nígbà òjò àkọ́rọ̀, a ó gbin irú èyí tí màlúù fẹ́ràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí òdòdó wọn lè bá ara wọn lò, a ó sì tún fi òùngbẹ dán àwọn ọmọ wọn wò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí a fi rí ọ̀kan tó ń hù lọ́dọọdún láìtún un gbìn, tí ewé rẹ̀ ń tutù nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo pápá. A gba òmìnira, òyìnbó ọ̀gá wa gba iṣẹ́ lọ sí Gabon, ó hú díẹ̀ nínú koríko náà dání láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀gá tuntun dé. Ìsìnkú ìyá mi ni mo lọ. Kí n tó dé, ó ti ní kí wọ́n fi katakata tú gbogbo ilẹ̀ náà, kí wọ́n gbin òwú. Ó ní kí la fẹ́ fi koríko ṣe! Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn sì ń pa màlúù àwọn Fúlàní wa bí ẹni ń pa eṣinṣin. Bí n kò bá rí gbòǹgbò tó wà lọ́wọ́ òyìnbó gbà, iṣẹ́ wa ti wọgbẹ́ nìyẹn.

Ní èbúté Kútọnu, inú agbọ̀n ni wọ́n kó wa sí. Ẹ̀rọ gbé wa sókè lójú omi bí ẹrù iyọ̀, ó sì sọ̀ wá kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó fẹ́ gbé wa dé ọkọ̀ ńlá. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èmi ò pe ọmọ kankan, òyìnbó yẹn ni mo ń bú.

Òjò ló pàdé wa ní Libreville, olú ìlú Gabon. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò mọ ohun tí ń jẹ́ òùngbẹ. Ilé Alájì Mùráínà, ọmọ Ọ̀fà tó ń taṣọ ní ọjà Mont-Bouët, ni mo dé sí ní àdúgbò Akébé. Nínú taksí wọn, ẹ̀yin àtẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ ó jọ fún ara yín pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n: owó tí mo fi ra ìwọ̀nba tí mo jẹ, odidi ọwọ́ kan ni yóò rà nílé. Wọ́n ń wé gbágùúdá séwé gbọọrọ, 'bâton' ni wọ́n ń pè é. Ó bá ẹja yíyan mu, ṣùgbọ́n ó le ju ẹ̀kọ wa lọ.

Kí lẹ rò pé òyìnbó fi koríko wa ṣe? Ó fi tẹ́ iwájú ilé! Ó ń gé e mọ́lẹ̀ bí irun orí ìkókó, ó sì ń fi rọ́bà wọ́n omi sí i, ní ìlú olójò. Màlúù kan ò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, gbòǹgbò wa ni mo wá gbà."

"Demain," ló wí, ìyẹn ọ̀la. Mo lọ lọ́la, ó tún ní 'demain'. Nígbà tó tún wí i, mo jókòó gbẹ̀ẹ̀ sórí koríko náà níwájú àwọn àlejò rẹ̀.

"Ọwọ́ ta lẹ ti tọrọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó hú u? Ta ló wà nínú oòrùn nígbà tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ibòji? N ò dìde o!"

Ojú tì í. Ó ní kí n hú ìwọ̀n àpò kan, kí n má sì tún padà wá mọ́.

Mo gbé àpò náà sẹ́yìnkùlé Alájì, mo lọ ra ìwé ọkọ̀ tó ń lọ lọ́jọ́ kejì. Kí n tó dé, yéè! Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò wà ní ìso, ta ni yóò sì gbé koríko tútù wọlé lásìkò bẹ́ẹ̀ tí kò ní í jẹ́ ti àgbò? Ìyàwó Alájì ti tú àpò. Àgbò ti jẹ gbogbo ewé, obìnrin náà sì ti sá gbòǹgbò sórí páànù gbígbóná kó gbẹ, kó lè fi dáná.

"Ìyá Àwáù, ẹ ti pa mí!"

"Háà, bàbá! Ṣebí sàráà lẹ mú wá? Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣàdúrà fún yín."

Alájì rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ tiẹ̀ wo àgbò ọ̀hún, kò fẹnu kan koríko tí mo rà mọ́."

"Alájì, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àgbò!"

Mo ṣa gbòǹgbò náà lórí páànù pẹ̀lú omijé. Nínú ọkọ̀, wọ́n ní kò sáyè, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n jù ú sí. Nígbà tí a fi dé Kútọnu, ó ti dà bí ìdì ìgbálẹ̀ àtijọ́.

Mo délé, mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé mi, mo bomi sí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀, torí bí a ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ọ̀mùnú tútù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó fi tàn kálẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi, ọ̀gá tuntun gbọ́. Ó wá fúnra rẹ̀, ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ padà sóko ìjọba. Mo ní ó dáa, demain.

Kí ọ̀la tó dé, mo ti ń pín in kiri: gáà Fúlàní kọ̀ọ̀kan, àti gbogbo ẹni tó so àgùntàn mọ́lẹ̀. Ibi kan ṣoṣo la kó o sí tẹ́lẹ̀, òun ló jẹ́ kí ẹnì kan rí i pa run. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi katakata tú u báyìí, gbogbo Sábẹ̀ẹ́ ni yóò tú.