Bàbá Dín-in-kù àti Ọ̀sẹ̀ Àrá Ọ̀sán

Ọjọ́ tí Bàbá Dín-in-kù lọ ná òjò nílé iṣẹ́ rédíò ni gbogbo àdúgbò fi ń rántí rẹ̀ títí dòní.

Àárín ìgbà ooru ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, obìnrin tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́, tí àwọn èèyàn ń pè ní Àǹtí Ojú-Ọjọ́, ti sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn á máa ràn láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti tó nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, àrá á máa sán, òjò á sì máa rọ̀ bí ẹni ń da omi nínú garawa. Ilẹ̀ mọ́, ó débi iṣẹ́, kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tí aṣọ́bodè fi wọlé tọ̀ ọ́.

“Àǹtí, bàbá kan wà níta, ẹ̀yin ló ní òun fẹ́ rí. Òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀ o.”

“Òòlù kẹ̀?”

“Ó ní kì í ṣe tìjà. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun ń lọ.”

Bàbá wọlé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, onípáànù tó ń kan òrùlé, ìṣó kún àpò ṣòkòtò rẹ̀ débi pé ó ń dún woroworo bó ṣe ń rìn. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

“Ọmọ mi, ìwọ lo ní òjò á rọ̀ láago mẹ́ta?”

“Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Mẹ́ta ti yá jù. Fi sí márùn-ún.”

Àǹtí Ojú-Ọjọ́ rò pé eré ni. Ó wo ojú bàbá, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. “Bàbá, èmi kọ́ ni mò ń rọ̀jò. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.”

“Ìyẹn ni mo ṣe wá bá ìwọ tó o mọ̀ ọ́n sọ. Ta ló dá aago mẹ́ta?”

“Àwa náà ni, àmọ́…”

“Ẹni tó bá dá iye lé ọjà la ń bá ná an. Márùn-ún.”

“Bàbá, a ò lè mọ̀ ọ́n géérégé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́rin…”

Bàbá pàtẹ́wọ́ pàá. “Ẹ wá gbọ́ o! Ó ti fi wákàtí kan lé e! Mẹ́rin ni mo mú. Olúwa á bù kún ọ.” Kí obìnrin náà tó la ẹnu, ó ti jáde, ìṣó ń dún lápò rẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé kú oríire.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, èyí ò lè yà á lẹ́nu. Kò sóhun tí bàbá yìí kì í ná. Oníṣègùn eyín sọ fún un rí pé eyín rẹ̀ méjì ló ti jẹrà, àfi kí wọ́n yọ wọ́n. Bàbá ná an títí tí oníṣègùn fi gbà láti yọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì, kí wọ́n wá yọ èkejì. Ó ní kí wọ́n rántí pé oníbàárà àtijọ́ lòun.

Nígbà tó ń kọnu sí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ọmọbìnrin náà ní kó fún òun lọ́dún méjì kóun fi ronú. Bàbá ní oṣù mẹ́fà. Ọmọbìnrin náà ní ọdún kan. Orí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fàbọ̀ sí. Bàbá ń fi yangàn káàkiri pé òun jèrè. Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín sínú, nítorí pé láti ọ̀sẹ̀ kejì lòun ti gbà lọ́kàn ara òun. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa ná an ni.

Ṣùgbọ́n ti òjò yìí, kì í ṣọ̀rọ̀ eré. Ìjì ti gbé ìdajì òrùlé ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò lọ. Yàrá kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó ṣeé sùn sí, ibẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo aboyún àtàwọn abiyamọ pọ̀ sí, ibùsùn mọ́kànlá níbi tó yẹ kó gba mẹ́fà. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, ọmọ tuntun á dákẹ́, ti sojú abẹ níkòó: bí òrùlé ò bá parí di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun á kó gbogbo wọn lọ sílé ìwòsàn tó wà lódìkejì odò. Wákàtí méjì gbáko ni lórí títì tó kún fún kòtò.

“Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ ojú títì yẹn,” ló wí. “Aboyún tó bá gbabẹ̀, inú ọkọ̀ ló máa bímọ sí.”

Bàbá, tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ní òun á parí ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àrá sán. Aago mẹ́ta lù báyìí, tẹlifóònù dún níwájú Àǹtí Ojú-Ọjọ́.

“Ọmọ mi, mẹ́rin la jọ sọ! Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe fún oníbàárà nìyí?”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe gbọ́ ariwo lẹ́yìn ohùn bàbá: òjò lórí páànù, àtàwọn ọmọ ọwọ́ tó ń ké. Ó béèrè ibi tó wà, bàbá sì sọ fún un. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ló ń se ilẹ̀ bí ìkòkò. Ooru náà á gbé ọ̀rinrin lọ sókè, á di ìkùukùu, á máa ga, á máa ga. Tó bá tutù lókè tán, á dà á sórí wa padà. Ẹ ò lè bá ọ̀sán jà. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ jí gbé.”

“Aago mélòó nilẹ̀ ń mọ́?”

“Mẹ́fà kọjá díẹ̀.”

“Ìyẹn ńkọ́, ṣé kò ṣeé dín kù?”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kílẹ̀ tó mọ́ ló ti wà lórí igi àjà. Ìṣó kìíní tó kàn jí gbogbo ilé. Olórí nọ́ọ̀sì sáré jáde, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá! Àwọn èèyàn ń sùn!”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ìṣó mélòó lẹ lè gbà kílẹ̀ tó mọ́?”

“Kò sí!”

“Ogún.”

“Mo ní kò sí!”

“Ó dáa, mẹ́wàá, màá sì rọra kàn án.”

Abiyamọ kan nawọ́ sí wọn látojú fèrèsé. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá máa kàn án. Ọmọ mi ti sùn padà, ohùn yín ló tún jí i.”

Lọ́jọ́rú ni nǹkan dojú rú. Àrá ọ̀sán ọjọ́ náà wá pẹ̀lú ìjì, ó já tapólì tí wọ́n fi bo ibi tí iṣẹ́ kù sí, ó gbé e fò lọ sórí wáyà iná, omi sì rẹ gbogbo igi. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá bàbá ṣiṣẹ́ palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró kí òjò lọ.”

“Òjò ló máa dúró dè mí,” ni bàbá wí.

Ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Lọ́jọ́bọ̀, òun nìkan ló gun òkè, ìyàwó rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wá bá a di àkàbà mú. Nígbà tí oòrùn mú, obìnrin náà ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó sinmi wákàtí kan. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó sinmi wákàtí kan géérégé, kò ná an. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí Ojú-Ọjọ́ rí ohun kan lójú ẹ̀rọ wọn tí kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó gbé tẹlifóònù.

“Bàbá, ti ọ̀la ò ní dúró di mẹ́ta o. Ó ti ń kóra jọ. Ẹ fi méjìlá sọ́kàn.”

“Áà! Mo ní kó o fi kún un, ìwọ tún ń dín in kù!”

“Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́rú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣọjọ́ iṣẹ́ fún Àǹtí Ojú-Ọjọ́. Ó wọ ṣòkòtò, ó wọ bàtà tó lágbára, ó lọ sílé ìgbẹ̀bí. Ó bá àwọn ọkùnrin méjì ìjọ́sí níbẹ̀, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń gbé páànù. Bàbá ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Àǹtí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Páànù mẹ́rin ló kù. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó àwọn aboyún ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ò paná ẹ́ńjìnnì. Nínú ilé, obìnrin kan ti ń rọbí. Olórí nọ́ọ̀sì jáde síta, ó gbójú sókè.

“Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n máa kó wọn?”

Ìṣó mẹ́ta wà lẹ́nu bàbá. Ó yọ wọ́n. “Ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.”

“Ogún.”

“Mo gbà.”

Olórí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níbi ìsìnkú bàbá, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pé ọjọ́ yẹn nìkan lòun gbọ́ tó gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí bàbá ṣe ń kan ìṣó ìkẹyìn ni mọ̀nàmọ́ná kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àkàbà. Kí wọ́n tó wọlé tán, òjò ti dé, ó ń lu òrùlé bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Gbogbo wọn gbójú sókè. Abiyamọ, nọ́ọ̀sì, ọkùnrin onípáànù méjì, kò sẹ́ni tó mí. Ẹ̀kán omi kan ò jò. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọmọ tuntun kan ké. Níta, awakọ̀ paná ọkọ̀ rẹ̀.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ń fi fìlà nu ojú. Àǹtí Ojú-Ọjọ́ wò ó, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe omi òjò nìkan ló ń nù.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí bàbá kì í pe ọ́fíìsì wọn. Bí wọ́n bá ní òjò á rọ̀ tí oòrùn wá ràn, á ní kí wọ́n dá òjò òun padà. Tí tẹlifóònù bá ti dún, àwọn tó kù á ní, “Àǹtí, bàbá yín ni o.” Lọ́dún kan, dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, bóyá ló fi lè lò ju ọdún kan lọ. Ọdún mẹ́ta ló lò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló kú, lórí àga, lẹ́yìn tó jẹun tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Ojú-Ọjọ́ lọ kí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń sọ ti eyín, wọ́n ń sọ ti oṣù mẹ́sàn-án, ni òjò bá dé. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán látòkè sí àárín ilé. Ìyá ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti abọ́ kan sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹnu ya àlejò. “Màmá! Ilé onípáànù ló ń jò báyìí?”

“Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Mo ní lónìí, ó ní lọ́la. A ò fohùn ṣọ̀kan títí tó fi lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

“Àkọ́bí wa ti gbé páànù tuntun wá,” ìyá wí, bó ṣe nu ojú. “Ó ní òun á pe ẹni tó máa kàn án.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

Ìyá mi orí. “Mo ní kó gbé e padà. Tó bá ti ń kán báyìí, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ṣì wà nínú ilé, tó ń sọ pé ọ̀la lòun máa kàn án.”

Àǹtí Ojú-Ọjọ́ mọ̀ láti ibi iṣẹ́ pé òjò náà ò ní dá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti ìyá. Nígbà tí abọ́ kún, òun ló dìde, ó da omi rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rọra gbé e padà síbi tó wà gan-an.